Ìbúra Kẹtàlá

[Ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ti kírun tán. Basit, ní Ìlaró, ń pe Habeebullah ní Ìlárá lẹ́bàá bọ́dà. Habeebullah ni ẹ̀gbọ́n Modinat, ọmọbìnrin tí Basit fẹ́ gbé níyàwó. Fóònù náà dún títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wú.]

BASIT: Àsàlámù àlékùm, ẹ̀gbọ́n! Ẹ kú Jímọ̀, ẹ kú oòrùn, ẹ kú—

HABEEB: Wàlékùm sálámù. Ta nìyẹn?

BASIT: Èmi ni, ẹ̀gbọ́n! Basit! Basit àna yín!

HABEEB: Hẹn.

BASIT: Màmá ńkọ́? Ilé ńkọ́? Káṣú tẹ́ ẹ lọ rà ńkọ́?

HABEEB: Gbogbo wọn wà.

BASIT: Ẹ̀gbọ́n, láti àárọ̀ ni mo ti ń pè yín. Wallahi, mo ti pè yín nígbà ẹgbẹ̀rún. Ìka tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ ti kúrú ní ínṣì méjì.

HABEEB: Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo rí lójú fóònù mi.

BASIT: Ẹ ẹ̀ rí i, network yìí ló—

HABEEB: Ẹ̀kejìlá sì nìyẹn.

BASIT: Ẹ̀kejìlá kí ni?

HABEEB: Fi sílẹ̀. Sọ ohun tó o fẹ́ sọ.

[Ìlà ń ta ṣìì, bí ìgbà tí wọ́n ju àkàrà sínú epo gbígbóná.]

BASIT: Hẹ́lò? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

HABEEB: Mo gbọ́ ẹ. Bọ́dà nibí. Fóònù mi á lọ kí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀, á tún padà wálé.

BASIT: Ó dáa, sà. Nǹkan kékeré kan ni. Àlùfáà ló pè mí. Wọ́n lẹ́ ẹ ní káwọn má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Sunday mọ́. Mo ní Sunday wo? Ọ̀túnla tí wọ́n fẹ́ so yìgì mi? Mo rẹ́rìn-ín débi tí eyín mi méjì ń mì. Àwàdà ni, àbí?

HABEEB: Ìgbà wo ni mo bá ẹ ṣàwàdà kẹ́yìn?

BASIT: ...Mi ò rántí, sà.

HABEEB: Bàbá wa ti lọ. Èmi ni mo dúró síbi tí wọ́n ì bá dúró. Èmi ni mo fẹ́ fa Modinat lé ẹ lọ́wọ́. Mi ò fà á mọ́.

[Nǹkan kan jábọ́ lọ́dọ̀ Basit. Ó dún bí àwo.]

BASIT: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Please! Kí ni mo ṣe?

HABEEB: Ṣó o rí i pé mo ti jáde nínú géèmù?

BASIT: Géèmù wo? Ọba Méje? Háà! Torí pé mo gba Ifọ̀nyìntẹ̀dó? Ẹ̀gbọ́n, inú fóònù ni o! Ewúrẹ́ kan ò kú níbẹ̀!

HABEEB: Ìlú mẹ́ta lo gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

BASIT: Èmi tí tòlótòló lé kó sódò lọ́dún tó kọjá! Ṣé mo jọ ẹni tó ń gbàlú?

HABEEB: Basit, jẹ́ n bi ẹ́. Oṣù mẹ́rin la ti wà lórí WhatsApp yẹn, ọba méje. Kò sí ayò, kò sí káàdì. Ẹnu nìkan. A ń kọ lẹ́tà síra wa ní kọ̀rọ̀, à ń ṣèlérí, à ń dìtẹ̀. Tó bá di aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀, kálukú á kọ̀wé sí Micah tó ń darí géèmù nípa ibi tó rán ogun ẹ̀ lọ, Micah á gbé máàpù tuntun jáde. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?

BASIT: Bẹ́ẹ̀ ni, sà.

HABEEB: Ṣé mo bínú pé o parọ́ fún mi?

BASIT: Ẹ ò lè bínú! Irọ́ wà nínú òfin! Micah fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sókè gàgàrà: "Lying is allowed!"

HABEEB: Irọ́ wà níbẹ̀. Ta ló ní kó o pe Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí ẹ̀?

[Àkùkọ kan kọ ní Ìlárá.]

BASIT: Ẹ̀gbọ́n...

HABEEB: "Wallahi" mọ́kànlá ló wà nínú lẹ́tà ẹ. Modinat ló kà á.

BASIT: Modinat? Báwo ni Modinat ṣe dé ibẹ̀?

HABEEB: Èmi ni mo fi hàn án. Mo fẹ́ kó bá mi rẹ́rìn-ín. Mo ní wá wo ọkọ ẹ, ó ń pè mí ní ẹyinjú ẹ̀.

BASIT: Mo pè yín ní kí ni?

HABEEB: "Wallahi, bí mo bá já yín kulẹ̀, kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Kábíyèsí, ẹ̀yin nìkan ni mo ní láyé, ẹyinjú mi."

BASIT: Yéè! Mo gbé!

HABEEB: Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ mú fóònù tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, Basit. Èyí tó o kọ sí i nígbà tó ò ń dọdẹ ẹ̀. Ibi tó o kọ "olólùfẹ́ mi" sí lo ti fi "Kábíyèsí" rọ́pò. Ẹyinjú lo gbàgbé láti yọ.

BASIT: Copy and paste ni! Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta! Mo ń wá ọ̀rọ̀ dídùn káàkiri inú fóònù, òun nìkan ni mo rí. Tèmi náà ni mo sì jí, mi ò jí tẹnìkan—

HABEEB: Ó mọ̀ pé tìẹ ni. Ohun tó ń pa á lẹ́kún nìyẹn. Ó ní, nínú méjèèjì, èwo lo kọ fún géèmù?

[Ohùn obìnrin kan láti network Bẹ̀nẹ̀ já wọ àárín wọn, ó ń da Faransé sílẹ̀ wàràwàrà bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀.]

BASIT: Ẹ̀gbọ́n! Ṣé ẹ gbọ́ mi? Kí lobìnrin yẹn ń wí?

HABEEB: Ó lóun ò rí ẹ. Ṣé o gbọ́ mi?

BASIT: Mo gbọ́ yín! Màá gbààwẹ̀! Àlùfáà ní ọjọ́ mẹ́ta ni fẹ́ni tó já ìbúra. Màá gba ọgọ́rùn-ún! Màá gbẹ débi tẹ́ ẹ ó máa fi mí sá aṣọ!

HABEEB: Tẹni tó búra tí kò rí i mú ṣẹ nìyẹn. Ìwọ, bó o ṣe ń kọ ọ́ lo ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ààwẹ̀ ò mú ìyẹn lọ. Kéèyàn ronú pìwà dà ló kù.

BASIT: Mo ti ronú pìwà dà! Láti òní lọ, wal— [Ó gbé nǹkan mì, ó dún gbọ̀ọ́.] Ẹ gbọ́ ọ? Mo ti gbé e mì! Mi ò ní búra mọ́. Bí erin bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ tó ní òun ò tẹ̀ mí, mi ò ní búra pé ó tẹ̀ mí.

HABEEB: Láé?

BASIT: Láéláé.

HABEEB: Ó dáa.

[Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Habeebullah. Basit ò fiyè sí i.]

HABEEB: Kí n tó jáde, ìlú kan ló kù fún mi lórí máàpù. Ìlárá tí mo jókòó sí yìí.

BASIT: Mo mọ̀, sà.

HABEEB: Lónìí, níbo lo rán ogun ẹ lọ?

BASIT: Mo ti dá wọn padà sí Ajílété. Àárọ̀ ni mo ti kọ ọ́ sí Micah. Mo ní kí wọ́n máa lọ sùn.

HABEEB: Ṣé òótọ́ ni?

BASIT: Òótọ́ pọ́ńbélé.

HABEEB: Búra.

BASIT: Sà?

HABEEB: Mo ní búra.

BASIT: Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní mi ò ní—

HABEEB: Nígbà tó jẹ́ irọ́, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mọkànlá lo búra. Ó wá dòótọ́, ahọ́n ẹ wú.

BASIT: Kò wú, sà.

HABEEB: Ṣé kí n sọ fún Modinat pé o ò lè búra?

BASIT: Rárá! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!

HABEEB: Ó dáa, màá sọ fún un—

BASIT: Wallahi! Wallahi mo dá wọn padà!

[Ìlà mọ́ kedere. Látàárọ̀, kò mọ́ báyìí rí.]

HABEEB: Ẹ̀kẹtàlá. Ìkejì ẹ̀, mi ò kà á mọ́.

BASIT: Òótọ́ leléyìí, ẹ̀gbọ́n! Ẹ pe Micah!

HABEEB: Mo ti pè é kó o tó pè mí. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Òótọ́ kọ́ ni mò ń wá.

BASIT: Kí wá lẹ̀ ń wá?

HABEEB: Modinat ló ní kí n bi ẹ́. Ó ti jókòó tì mí látìgbà tó o ti ń kí mi. Ó ní bó o bá lè di ẹnu yẹn mú lẹ́ẹ̀kan péré, òun á fẹ́ ẹ lọ́túnla.

BASIT: Modinat? Modinat wà níbẹ̀? Ẹ fún un ní fóònù!

HABEEB: Ó ti dìde.

BASIT: Níbo ló ń lọ? Ẹ fi sí speaker! Modinat! Ṣé o gbọ́ mi?

[Obìnrin Faransé náà ti dé.]

BASIT: Modinat, ṣé o gbọ́ mi? Ẹyinjú mi, wal—

[Ìlà já.]