Omi Àdúrà Tí Mo Rọ Sínú Bíréèkì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ kò mọ̀ mí, ó sì sàn bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹ mọ̀ mí ni, bóyá ẹ̀yin náà ti kí mi lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, tí ẹ pè mí ní ìyá rere. N kì í ṣe ìyá rere. Ẹnìkan ti ń ru ẹrù mi láti ìgbà tí a kò tíì gba òmìnira. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ wa, ó tún gbé ẹrù náà karí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ìlú Ìrókò, nítòsí Mọníyà, ni à ń gbé nígbà náà. Ọ̀gá ilé ìwé ni ọkọ mi, Bàbá Kúnlé, ẹni tí kì í ra aago láìkọ́kọ́ bi ará àdúgbò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ra mọ́tò, ìwádìí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan. Mọ́tò méjì ló wà nílẹ̀, àlòkù ni méjèèjì. Wọn kò tóbi, wọn kò kéré, ẹni márùn-ún ló lè jókòó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan láwọ̀ eérú, èkejì láwọ̀ ewé. Bàbá Kúnlé ń bi àwọn tíṣà, wọ́n ń bi àwọn akọ̀wé, wọ́n ń dá àwọn dírẹ́bà dúró ní Mọníyà: èwo ló ń pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn? Èwo ni bíréèkì rẹ̀ kì í dani?

Ẹnu gbogbo wọn kò. Wọ́n ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ eérú a máa pariwo bí agolo, ṣùgbọ́n yóò gba ọ̀nà oko fún ọdún púpọ̀, bí o bá sì ní kó dúró, yóò dúró. Aláwọ̀ ewé rẹwà, ó ń dán, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í pariwo, ṣùgbọ́n rọ́bà inú bíréèkì rẹ̀ kì í pẹ́ jẹrà. Ọ́ìlì á máa jò. Bí ọ́ìlì náà bá ti lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ dírẹ́bà á kàn máa rì ni, mọ́tò kò ní dúró.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ tí a ń sọ ọ́. Wọ́n ní, "Ẹṣin tí kò gbọ́ ìjánu, ẹ má gbé èmi gùn ún o."

Èmi ni mo ní àfi aláwọ̀ ewé. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìdí? Ìyàwó akọ̀wé kóòtù ti ń jókòó nínú irú aláwọ̀ eérú, n kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé tiwọn ni a wò ra tiwa. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fajú ro nínú ilé títí Bàbá Kúnlé fi gbà. Wọ́n rà á, wọ́n sì gba dírẹ́bà kan, Rájí, ọmọ Lálúpọn, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun rẹ̀ ṣeré. Ìkìlọ̀ kan ni wọ́n fún un: bí ọ́ìlì bíréèkì bá ti lọ sílẹ̀, mọ́tò kò gbọdọ̀ kúrò nílé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ìyá ọkọ mi fẹ́ padà sílé wọn ní Adégbáyì. Èmi náà fẹ́ bá wọn lọ. Ìjọ aládùúrà ni èmi ń lọ, Bàbá Kúnlé kì í bá mi lọ, ti mísọ̀n ni tiwọn. Ìjọ wa ń ṣe ìsọjí ní Adégbáyì lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi rí i bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Rájí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, ó fi ìkòkò ọ́ìlì bíréèkì hàn mí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ó ní bí òun bá ti kírun Jímọ̀ tán, òun á gun kẹ̀kẹ́ lọ ra òmíràn ní Mọníyà.

Inú bí mi. Ìsọjí á ti parí kí a tó dé. Bí Rájí ṣe lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo gbé omi tí wòlíì wa gbàdúrà sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Omi yẹn ni mo mu nígbà tí oyún Kúnlé fẹ́ pa mí. Mo ní omi tó gba aboyún là, ṣé bíréèkì ni yóò wá bà á tì? Mo gbàdúrà sí i tọkàntọkàn, mo rọ ọ́ kún ìkòkò ọ́ìlì náà.

Nígbà tí Rájí dé, mo ní, "Bàbá Kúnlé ti rí ọ́ìlì, wọ́n ti rọ ọ́ sí i." Ó yọjú wò ó, ó rí i pé ó kún.

"Ẹ ṣeun, Màmá," ló wí.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lọ́nà Adégbáyì tó dojú kọ afárá odò. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí Rájí kígbe pé bíréèkì ò mú. A lọ gbá afárá. Apá mi ṣẹ́. Ìyá ti kú kí wọ́n tó gbé wọn jáde.

Mẹkáníìkì tó tú bíréèkì náà ní omi ni òun bá níbẹ̀, pé bí bíréèkì bá ti gbóná, omi á hó, ọkọ̀ ò sì ní dúró mọ́. Gbogbo ẹbí bá yíjú sí Rájí. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni, pé dípò kó lọ ra ọ́ìlì, omi ló bù sí i. Rájí wò mí.

"Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ọ̀gá ti rọ ọ́ìlì sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Mo ní, "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ta ni yóò gbà pé ìyàwó ilé kàn ṣèèṣì rọ omi tó pa ìyá ọkọ rẹ̀? Gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé èmi àti Ìyá kì í gba ti ara wa. Wọ́n á ní mo fi àdúrà bojú ni. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù náà sì ni mo fi ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Àwọn ẹbí lu Rájí. Adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, kò sẹ́ni tó tún gbé mọ́tò lé e lọ́wọ́, oko olóko ló ń ro kiri. Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Irọ́ ni. Èmi ni mo da omi, Rájí ló yọ̀ ṣubú.

Kúnlé dàgbà, òun náà di tíṣà, ó sì mú ọmọbìnrin kan wálé, Múnírátù. Gbogbo wa fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ẹbí wá wádìí ilé wọn, bí a ṣe ń ṣe kí a tó tọrọ ìyàwó, wọ́n ní Rájí dírẹ́bà ni bàbá rẹ̀. Bàbá Kúnlé fárígá. Wọ́n ní kàkà kí ọmọ ẹni tó pa ìyá àwọn wọlé àwọn, kí Kúnlé má gbéyàwó láéláé. Ọmọ mi sunkún níwájú mi. Mo fi etí ìró mi nu omijé rẹ̀, n kò jẹ́wọ́.

Ni Rájí bá wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti hewú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọ̀gá, èmi ni mo rọ omi sí i. Irọ́ ni mo pa nígbà náà. Ẹ dárí jì mí, ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ọmọ mi níyà."

Omijé bọ́ lójú Bàbá Kúnlé. Wọ́n ní kí ó sáà jẹ́wọ́ ni àwọn ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n fà á dìde, wọ́n sì ní kí n bu omi fún àlejò. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé omi náà fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Ẹ ṣeun, Màmá," ló wí, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí i lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá sọ ọ́, ilé yín á dàrú, ọmọ mi ò sì ní rí ilé ọkọ wọ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́rùn mi, ó ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí yín o, Màmá."

A ti dá ọjọ́ ìdána. Bàbá Kúnlé ń ròyìn Rájí fún àwọn ọmọ wa, pé ẹ wo bí ẹni tó bá ṣẹ̀ ṣe ń jẹ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí níyànjú. Ṣé kí n la ẹnu mi, kí ọmọ méjì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ pàdánù ara wọn? Àbí kí n gbọ́rọ̀ sí Rájí lẹ́nu? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́jọ́ ìdána, ará ilé ọkọ ló ń kúnlẹ̀ bẹ ará ilé ìyàwó. Èmi yóò kúnlẹ̀ níwájú Rájí lójú gbogbo ayé, wọn yóò sì rò pé ìyàwó ni mò ń tọrọ.