Ìforíbalẹ̀ Tí Kò Tọ́ Sí Mi

Ẹ dúró ná. Ẹ má tíì forí balẹ̀. Zaw Lin, ìwọ tó ò ń darí ètò, gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn yẹn wá síwájú mi, kí o sì jókòó. Mo mọ̀ pé orúnkún ń dun àwọn tó ti dàgbà nínú yín lórí ẹní yìí, mo sì ń gbọ́ òórùn mohinga láti ẹ̀yìn ilé ìwé bí ẹ̀yin náà ṣe ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ẹja ò ní sá lọ. Lọ́dọọdún, tí òṣù Thadingyut bá ti dé, ẹ̀yin tí mo kọ́ níwèé máa ń ti ibi gbogbo wá. Ẹ ó to àwa olùkọ́ àtijọ́ sórí àga, ẹ ó kúnlẹ̀, ẹ ó sì wí pé, "Bí a bá ti ṣẹ̀ yín nínú ìṣe, nínú ọ̀rọ̀ tàbí nínú èrò, ẹ dárí jì wá." Èmi Ohn Yin á wá gbójú sókè bí ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń dẹ́ṣẹ̀, màá ní mo dárí jì yín. Lónìí, èmi ni mo ní ẹ̀ṣẹ̀ láti jẹ́wọ́. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ti rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mi lòun náà, ẹ̀rù mi sì ń bà á ju kó purọ́ fún mi lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ ju ogún ọdún lọ dáadáa. Òtítọ́ ti lé e bá.

Ẹ̀yin tí ẹ gba kíláàsì kẹrin kọjá lọ́wọ́ mi, ẹ ò lè gbàgbé bí mo ṣe ń kọ́ yín ní nọ́ńbà ńláńlá. Mo máa ń ní, ọ̀kan ni ilé tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, torí bí a ṣe ń kọ ọ́ nílẹ̀ wa níbí, yípo kékeré ni tí etí rẹ̀ méjèèjì kò pàdé. Òdo ni ilé tó tilẹ̀kùn, yípo tó pàdé. Màá tún ní, bí ẹ bá fẹ́ mọ nọ́ńbà tó tóbi jù, ẹ má wo ẹwà ojú rẹ̀, iye ilé tó ní ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. 99,998 lè máa yan bí ọmọ olówó, ilé márùn-ún péré ló ní. 101,011 tó rọra jókòó jẹ́jẹ́ yẹn ní mẹ́fà, ó ti jù ú lọ. Bí iye ilé bá wá dọ́gba, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì, kí ẹ máa fi wọ́n wé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ yàtọ̀ síra la ti ń mọ ọ̀gá. Ohun tí mo kọ́ yín nìyẹn, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni. Olùkọ́ tó dáa ni mí nínú èyí, mi ò ní torí pé mò ń jẹ́wọ́ kí n wá sọ pé mi ò mọ iṣẹ́ mi.

Kò sí ọmọ tí ẹ̀kọ́ yẹn wọ̀ lára bíi Yu Par, ọmọ U Kyin Sein amọ̀kòkò. Òun ló jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn, tó ń wo ilẹ̀. Nígbà náà, ọmọ tín-ínrín ni. Àtíkè tanaka tó ń fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í dọ́gba, amọ̀ kì í sì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Bí mo bá kọ nọ́ńbà rẹpẹtẹ sójú pátákó, kí n tó kọjú sí wọn, ó ti tò wọ́n tán láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù. Bí àwọn yòókù bá ṣì í, òun ló máa ń bá wọn wí bí ìyá arúgbó. "O tún ti rí mẹ́sàn-án, o ti ń pè é ní kábíyèsí! Ka ilé rẹ̀ ná, ọ̀dẹ̀!" Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ bá a ṣe kíláàsì kan náà mọ̀ pé mi ò fi iyọ̀ sí i.

Lọ́dún náà, ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan nígboro ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ mú ọmọ kan ṣoṣo láti abúlé wa. Wọn yóò fún un níbùsùn, wọn yóò máa bọ́ ọ títí yóò fi jáde, ìdánwò ìṣirò la ó sì fi yan ọmọ náà. Èmi àti olóògbé U Thaung Pe, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ni wọ́n ní ká máàkì ìwé. Hnin Si, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wà nínú àwọn tó fẹ́ ṣe é. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi nídìí àdògán. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ohn Yin, nígbà tó o wà nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ta ló ń ru ìrẹsì wá fún ọ? Ta ló pa ìwé tiẹ̀ tì kí ìwọ lè kàwé? Ọmọ mi kan ṣoṣo nìyí o. Mi ò ní kó o ṣe ohun tí kò dáa. Mo kàn ní kó o rántí ni." Ẹ ò rí i báyìí, ohun tí kò dáa ló ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe, kò kàn dárúkọ rẹ̀ ni. Ó ti kú, mi ò ní di ẹ̀bi ru òkú. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló mú pẹ́ńsùlù.

Ìbéèrè tó le jù ni èyí tó kẹ́yìn. Nọ́ńbà márùn-ún ni, ọ̀kan àti òdo kún inú wọn fọ́fọ́, wọ́n ní kí àwọn ọmọ tò wọ́n bí wọ́n ṣe tóbi sí. Nígbà tí mo yẹ ìwé wọn wò nínú àgọ́ ìsinmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn mọ́ńkì, ọmọ méjì péré ló gba gbogbo rẹ̀: Hnin Si àti Yu Par. Òfin sì ni pé bí ọmọ méjì bá dọ́gba, wọn ó dúró níwájú pátákó lójú àwọn àgbà, ẹni tó bá yára jù ló mú un. Hnin Si gbọ́n, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́ta bá tẹjú mọ́ ọn, orúkọ ara rẹ̀ gan-an á fò lọ lórí rẹ̀. Mo ti mọ ẹni tó máa borí. U Thaung Pe sọ pé òun ń lọ tu itọ́ kúnyà, ewé tó máa ń jẹ lẹ́nu, tó kún òun lẹ́nu. Bó ṣe jáde, mo fa ìwé Yu Par sọ́dọ̀. Ó ti tò wọ́n báyìí: 99,998, 101,011, 101,101, 110,001, 1,001,000. Ó dùn ún wò. Mo mú pẹ́ńsùlù, mo tilẹ̀kùn ọ̀kan kan ṣoṣo, èyí tó wà nípò ẹgbẹ̀rún nínú 101,101. Ìlà tí mo fà kò gùn tó hóró ìrẹsì. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni 101,101 di 100,101, nọ́ńbà tí kò sí nínú ìbéèrè rárá, tó sì kéré sí èyí tó ṣíwájú rẹ̀. Ní ilẹ̀ ibòmíràn tí ọ̀kan ti jẹ́ igi gbọọrọ, olè máa ṣe wàhálà kó tó lè jí i. Tiwa ò gbà ju ìfọwọ́kàn lọ. Nígbà tí U Thaung Pe padà dé tó rí i, ó kérora bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. "Áà, ọmọ amọ̀kòkò yìí! Ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó wá ṣubú!" Èmi náà mi orí, mo ní, "Àánú rẹ̀ mà ṣe mí o." Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ẹ má rò pé ibi tó burú jù nìyẹn. Nígbà tí a kéde pé Hnin Si ló mú un, Yu Par wá bá mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n jẹ́ kí òun rí ìwé òun. Ó wò ó, ó gbé e sún mọ́ imú. Ó ní, "Sáyámà, olùkọ́ mi, ẹ má bínú, èmi kọ́ ni mo tilẹ̀kùn yìí. Mi ò kì í ti ilẹ̀kùn ọ̀kan mi." Mo ní, "Ìkánjú ni. Ọwọ́ rẹ ló yà, ojú rẹ ò rí i." Ó ní, "Sáyámà, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi sílẹ̀." Bàbá rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí amọ̀ gbẹ mọ́ lápá, gbọ́ ọ. Ojú tì í. Ó ní, "Yu Par! Ṣé olùkọ́ lò ń bá jiyàn? Ta ló kọ́ ọ nírú ẹ̀? Forí balẹ̀ kíá, kó o tọrọ àforíjì!" Ọmọ náà wò mí. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí pé màá sọ nǹkan kan. Èmi tí mo mọ òótọ́, mo kó ẹsẹ̀ mi jọ dáadáa sórí ẹní kí ó lè rí ibi forí balẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Sáyámà, ẹ forí jì mí pé mo bá yín jiyàn." Mo sì súre fún un! Mo ní, "Kí o dàgbà di ẹni tó ń fara balẹ̀." Bí mo bá kú tán, tí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo ṣe láyé, ìsúre yẹn ni wọn ó kọ́kọ́ bi mí léèrè.

Láti ọjọ́ náà, kò nawọ́ mọ́ ní kíláàsì. Bí mo bá pè é, á ní, "Sáyámà, ẹ pe ẹlòmíràn, ojú mi kì í rí òdo." Nígbà tó yá, ó fi ìwé sílẹ̀, ó lọ ń bá bàbá rẹ̀ po amọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ohun tí mo ṣe ò so èso rere kankan. Hnin Si kàwé, ó di agbẹ̀bí, ọwọ́ rẹ̀ ni a bí gbogbo ọmọ Yu Par sí, àti ìdajì àwọn tó kúnlẹ̀ síbí. Hnin Si, nu ojú rẹ, ìwọ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Yu Par náà ò kú síbẹ̀. Ààrò rẹ̀ ló tóbi jù létí odò yìí, ẹnu rẹ̀ ló sì mú jù. Lọ́dọọdún ló ń gbé ìkòkò tuntun wá fún mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn olùkọ́. Wọ́n ti yí ilé mi ká. Mi ò lè bu omi mu kí n má rántí.

Lọ́dún yìí, bó ṣe gbé tuntun dé, tó sọ ọ́ kalẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ mi, mo sọ ohun gbogbo fún un. Mo rò pé yóò fọ́ ìkòkò náà mọ́ mi lórí. Ó kàn ní, "Sáyámà, ṣé mo gbà á ni?" Mo ní, "O gbà á." "Gbogbo ẹ̀?" "Gbogbo márààrún, bó ṣe yẹ kí wọ́n tò." Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ń lu orúnkún, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Hẹ̀n-ẹ́n! Àṣé mo gbà á! Èmi tí ọkọ mi ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá kọ ọ̀kan, màlúù lè gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀ wọlé! Èmi tí mi ò lè ka nǹkan kan kí n má pe ọmọ kó bá mi tún un kà!" Ẹ̀rín náà sì tán lójijì. Ó ní, "Sáyámà, ní ti ilé ìwé, mo dárí jì yín. Ilé ayé mi dùn, mi ò jẹ́ fi ààrò mi ṣe pàṣípààrọ̀. Ṣùgbọ́n ìforíbalẹ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ dá a padà fún mi. Kò tọ́ sí yín." Mo ní òótọ́ ni, mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àga kí n kúnlẹ̀ fún un. Ó fò dìde. "Háà! Kí olùkọ́ kúnlẹ̀ fún mi? Ṣé ẹ fẹ́ gé ẹ̀mí mi kúrú ni? Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́!" Mo ní, "Báwo wá ni kí n ṣe dá a padà?" Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sórí. "Ẹ̀yin ni olùkọ́. Ẹ lọ ṣírò ẹ̀."

Mo ti ṣírò rẹ̀. Níwájú gbogbo èèyàn tó wà níbí, mo sọ ọ́: Yu Par gba ìdáhùn náà. Ojú rẹ̀ ríran, ọwọ́ rẹ̀ ò yà, olùkọ́ rẹ̀ ló purọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ kéékèèké tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, bí ọmọ bá tọ̀ yín wá pé òun ò ṣì í, ẹ tún un wò kí ẹ tó ní kó kúnlẹ̀. Bí ẹ bá gba àyè lọ́wọ́ ọmọ, ó lè rí òmíràn. Bí ẹ bá gba ìgbẹ́kẹ̀lé tó ní nínú ojú ara rẹ̀, kí ló máa fi wá a? Mo bẹ gbogbo yín, ẹ dárí jì mí. Ara mi ti fúyẹ́ báyìí, ká má parọ́, inú mi ń dùn. Zaw Lin, o lè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ forí balẹ̀ fún mi, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ìwọ Yu Par, dìde lórí ẹní yẹn. Ìwọ kọ́ lónìí. Àga U Thaung Pe ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Wá jókòó sórí rẹ̀, kí wọ́n tó forí balẹ̀.