Ọwọ́ Mi Ni, Àmì Ọkọ Mi Ni

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ẹgbẹ́ wẹ́dà ìlú wa ṣèpàdé, n kò sì tíì mọ ohun tí màá lọ sọ níbẹ̀. Bí mo bá dìde láti kírun, n kì í mọ iye rákà tí mo ti kí; màá tún un bẹ̀rẹ̀, màá tún sọnù sínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, n kò mọ̀ yín, ẹ kò sì mọ̀ mí. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n lè sọ ọ́ fún yín, nítorí kò sí ẹyọ ẹnì kan ní Ìgànná tí mo lè fi í lọ̀. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni mí, opó sì ni mí. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe. Ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń rin pákí, èyí tí wọ́n fi ń fún un, agbada irin tí wọ́n fi ń yan gàrí, kò sí èyí tí n kò lè fi irin lásán ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ará ìlú wa lónìí, wọn óò ní ìyàwó wẹ́dà ni mí, pé ọkọ mi ló mọṣẹ́. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ń wí yẹn.

Ọkọ mi, Bàbá Sàfíyà, kì í ṣe wẹ́dà kékeré. Láti Ìwéré-Ilé, láti ọ̀nà ibodè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ wá bá a. Èmi kò lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o. Oúnjẹ ọ̀sán ni mo máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, bí mo bá sì gbé e kalẹ̀ tán, màá jókòó, màá máa wò ó. Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ kò bá wá, màá bá a di irin mú. Láti orí irin dídì mú, ó di pé mò ń bá a wọ̀n ọ́n, ó di pé mò ń bá a gé e. Lọ́jọ́ kan, ó ní ebi ń pa òun, kí n kúkú bá òun jó ìyókù pọ̀, pé bí mo bá lè se ọbẹ̀ tó dùn tó tàná, bóyá irin náà yóò gbọ́ tèmi. Àwàdà ló ń ṣe. Mo wọ dígí dúdú rẹ̀, mo jó o. Nígbà tó jẹun tán tó wá wò ó, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kàn ní, "Ìyá Sàfíyà, ta ló kọ́ ọ?" Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi."

Ẹ mọ bí fírídọ́ọ̀mù ṣe máa ń rí. Ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, á wúre fún un, ẹgbẹ́ á fọwọ́ sí ìwé, a ó mu mínírà, a ó ya fọ́tò. Èmi ni mo ń se ìrẹsì fún gbogbo àwọn tí ọkọ mi dá ní fírídọ́ọ̀mù. Àwọn mìíràn wà nínú wọn tó jẹ́ pé èmi ni mo ń tún iṣẹ́ wọn jó bí wọ́n bá ti kẹ̀yìn. Ó wù mí kí n kúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ pé ọkọ dá ìyàwó rẹ̀ ní fírídọ́ọ̀mù? Wọn á ní ó kọ̀ mí sílẹ̀ ni. Mo fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà, mo ń bu ìrẹsì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, níbi tí ọkọ mi ti ń ṣe àlùwàlá, ó ṣubú lulẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni. A tọ́jú rẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi là, tó sì ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò jí padà. Ẹ rò ó wò, wẹ́dà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú, pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ tó kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bámúbámú. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọjú sí ògiri. Ní ọjọ́ kẹrin mo ní, "Bàbá Sàfíyà, ẹ dìde ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù." Mo ta tapólì dí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà, mo gbé àga fún un, mo gbé dígí dúdú wọ̀ ọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí a bá ti gbọ́ tí ọ̀kadà dúró níta, màá fi irin ìjórin lé e lọ́wọ́ òsì, màá sáré mú ìgbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ kan wà tí kì í jìnnà sí mi níbẹ̀. Bóyá òun nìkan ni ìgbálẹ̀ tí kò gbálẹ̀ rí láyé. Àwọn oníbàárà á wọlé, wọn á ní, "Ìyá Sàfíyà, ẹ kú ìtọ́jú o." Màá dáhùn. Wọn á yíjú sí ọkọ mi, wọn á máa kan sáárá sí i pé ọwọ́ òsì rẹ̀ tún wá mọ̀ ọ́n ju ọ̀tún lọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ni wọ́n ń wí. Inú mi á dùn, á sì tún korò.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù, a dá wọn ní fírídọ́ọ̀mù kíá, a kò sì gba òmíràn, kí ọ̀rọ̀ má baà jáde. Gbogbo ohun tí mo bá ṣe tán ni mò ń fi àmì ọkọ mi sí: òṣùpá kékeré kan tó ti máa ń gbẹ́ sí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ láti ìgbà tí ara rẹ̀ ti le. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbẹ́ òṣùpá yẹn. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ọkọ mi ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló rí mi rí. Bàbá Wàsíù ni, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ wẹ́dà nígbà náà. Ariwo jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àfi bó ṣe ká tapólì sókè, ó bá mi pẹ̀lú dígí lójú, iná ń ta lọ́wọ́ mi, ọkọ mi sì ti sùn lọ lórí àga. Ó wò mí, ó wo iṣẹ́ náà, ó dá tapólì padà, ó lọ. Nígbà tí wọ́n ṣèpàdé, tí àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n bu ọlá fún ọkọ mi, ó dìde, ó ní kì í ṣe ọwọ́ ọkùnrin yẹn mọ́, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni. Kì í ṣe pé ó ń bà wá jẹ́ o. Ohun tó wí ni pé kí ẹgbẹ́ pe obìnrin náà, kí wọ́n dán an wò, bó bá mọ̀ ọ́n kí wọ́n fún un ní ìwé tirẹ̀. Ìwé tí mò ń sunkún rẹ̀ lónìí, ọkùnrin yẹn ti fẹ́ gbà á fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ilé wa, ọkọ mi sunkún bí ọmọdé. Ó ní, "Ìyá Sàfíyà, bí o bá máa jẹ́wọ́, kọ́kọ́ pa mí ná." Ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n gbé Kùránì sórí ẹní. Mo ṣe àlùwàlá, mo gbé ọwọ́ lé e, ọwọ́ tí iná irin ti jó lójú ibi púpọ̀, mo sì fi Ọlọ́run búra pé n kò fi iná jó irin rí. Wọ́n bi mí ní ti àpá ọwọ́ mi. Mo ní epo gbígbóná ni, níbi àkàrà. Gbogbo wọn yíjú sí Bàbá Wàsíù. Wọ́n gba ipò alága lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi tó fi ọdún púpọ̀ jù lọ. Ó dọ̀bálẹ̀. Kò wojú mi, kò sì gbé mi ṣépè. Láti ọjọ́ náà, òpùrọ́ ni orúkọ rẹ̀ láàárín ìlú, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń fà sẹ́yìn. Kí ọdún náà tó parí, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ijio, ní ọjọ́ ogbó, láti lọ bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra irọ́ tèmi.

Ọdún méjì rèé tí ọkọ mi ti kú. Kó tó kú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ láéláé. Mo ṣèlérí fún un. Nígbà tí mo jókòó opó tán, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù padà, mo sọ fún ayé pé díẹ̀díẹ̀ tí mo rí kọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi ni mò ń fi ṣàtúnṣe wẹ́wẹ́. Àánú mi ṣe wọ́n, wọ́n gbà. Àṣé ẹ̀gún ń bẹ níwájú. Lọ́dún yìí ni ẹgbẹ́ ṣòfin pé ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí kò gbọdọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù mọ́, nítorí ẹ̀rọ kan tí ẹni tí kò mọṣẹ́ jó ní ìlú kan tú, ó sì ṣe obìnrin kan léṣe. Wọ́n ní kí ọkàn àwa tí kò ní ọ̀gá balẹ̀, pé àwọn kan ń bọ̀ ní Ṣakí tí wọn óò dán àwọn àgbà tó kọ́ṣẹ́ láìlọ ilé-ìwé wò. Ibi yòówù kí o ti kọ́ ọ, bí ọwọ́ rẹ bá mọ̀ ọ́n, wọn óò fún ọ níwèé. Mo fò fún ayọ̀. Ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ni mo ní. Bí wọ́n bá tì í, ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n tì.

Mo dé Ṣakí, mo bá àwọn tó ń dán wa wò lórí ìjókòó, pẹ̀lú àwọn àgbà wẹ́dà tí wọ́n pè láti ìlú mìíràn. Àgbà tó jókòó sí ìparí àga, Bàbá Wàsíù ni. Wọ́n ní kí n jó ẹnu agbada kan pọ̀. Mo wọ dígí, mo sì gbàgbé gbogbo wọn. Nígbà tí mo ṣí dígí, obìnrin tó ń darí ètò náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Màmá, ọdún mélòó lẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí?" Ẹnu mi ṣáájú ọkàn mi. Mo ní ọdún méjì. Ó wo irin, ó wò mí, ó ní, "Màmá, ọwọ́ yìí kì í ṣe ọwọ́ ọdún méjì. Ìwé yìí wà fún ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀. Èwo ni ẹ̀rọ tí ẹ ti ṣe sẹ́yìn, ta ló sì rí yín níbi tí ẹ ti ń ṣe é, kó wá fọwọ́ sí i?" Ẹ̀rọ mi kún gbogbo agbègbè wa, òṣùpá ọkọ mi ló wà lára gbogbo wọn.

Bàbá Wàsíù dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ agbada náà. Ó fi ìka tọ ojú ibi tí mo ti jó pọ̀, títí dé ìparí, níbi tí mo ti máa ń yí ọwọ́ padà díẹ̀ kí ó tó tutù. Ó ní, "Mo mọ ọwọ́ yìí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú wọn. Nígbà tó yá, ó bá mi lábẹ́ igi kaṣú tí mo sá sí. Mo kúnlẹ̀, mo ń sunkún. Ó ní, "Ìyá Sàfíyà, dìde. Màá fọwọ́ sí i fún ọ, èmi ni mo rí ọ. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí o dúró síbi tí o dúró sí lọ́jọ́sí, kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Mo ti dàgbà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé òkú òpùrọ́ wọ ìlú mi." Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè títí di ọjọ́ ìpàdé." Ó ní ó dáa.

Mo ti bi Áfáà wa léèrè, mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ṣe é. Ó ní ìlérí tí a fi bo irọ́ kò de ènìyàn, àti pé ohun tí ìbúra èké gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àwẹ̀ nìkan kò lè san án, ọ̀rẹ́ mi gbọ́dọ̀ dá a padà fún oní-nǹkan. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo Sàfíyà, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, tó ń ṣe tíṣà ní Ìsẹ́yìn. Fọ́tò bàbá rẹ̀ ló wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú dígí dúdú lójú àti irin ìjórin lọ́wọ́ òsì. Ó ń fi í kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé bàbá òun fi ọwọ́ kan ṣoṣo rán òun lọ sí ilé-ìwé. Èmi ni mo fi irin yẹn lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, kí ayàfọ́tò tó wọlé. Ojú wo ni màá fi wo ọmọ yẹn? Bí mo bá sọ ọ́, mo pa bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí mi ò bá sọ ọ́, wọn óò ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, Bàbá Wàsíù yóò sì kú ní Ijio pẹ̀lú orúkọ tí mo fún un.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ mọ iṣẹ́ ọkọ yín ju ọkọ yín lọ, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ bo ọkọ yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ yín búra pé kì í ṣe ọwọ́. Irọ́ tí mo rò pé mò ń pa fún ìfẹ́, ó ti jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀ mí, ó wá ku èmi fúnra mi. Mo fi ẹsẹ̀ tuntun sí ẹ̀rọ kan lánàá fún obìnrin kan tó ń rin pákí. Mo gbé irin ìsàmì sí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti gbẹ́ òṣùpá náà, ọwọ́ mi kọ̀. Mo fẹ́ gbẹ́ orúkọ tèmi, ọwọ́ mi tún kọ̀. Ibẹ̀ ṣì ṣófo bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: òkú tí mo bò àti alààyè tí mo sin, èwo ni kí n ṣí?