Ta Ló Ní Kí O San Án Tán?

Atún-fóònù-ṣe tó kọjú sí ìsọ̀ mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Kì í ṣe ìwọ. Ẹni tí mo gbé fóònù fún pé kó bá mi wo ìdí tí kò fi ń gba iná mọ́, òun ló na fóònù tirẹ̀ sí mi lójú, ó ní, Ìyá Olókùn, ṣé kì í ṣe ọmọ yín nìyí? Mo wò ó. Ìwọ ni. Fìlà irin aláwọ̀ ojú ọ̀run lórí rẹ, wáyà lọ́rùn rẹ bí ìlẹ̀kẹ̀, orí òpó lo wà, òpó gíga fíofío, o ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jókòó sórí àga ìyá rẹ̀. Mo ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ fún mi. Ó ní wọ́n kọ ọ́ pé ọmọbìnrin yìí yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa ṣe iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fún àwọn apẹ̀tùsááwọ̀ àgbáyé, nílùú tí ìbọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo ní kó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ó máa yí padà.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ lo sọ fún mi pé o ń lọ. O dúró níwájú mi tìwọ ti báàgì, o ní, màámi, ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni, inú yàrá ni, kọ̀ǹpútà la máa jókòó tì. Èmi náà sì bá ọ di ẹrù! Síìpù báàgì yẹn ti bàjẹ́, mo fa okùn tó dára jù lọ nínú ìsọ̀ mi yọ, mo fi dì í, mo ta á ní kókó méjì kó má baà tú sọ́nà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dì ọ́ ránṣẹ́ sójú ogun, n kò sì mọ̀.

Onífóònù yìí ní mò ń pariwo jù. Orí tábìlì rẹ̀ ni fóònù tirẹ̀ tí mo fi ń pè ọ́ wà báyìí, láàárín àwọn fóònù tó tú ìfun wọn síta, ó ti tẹ ohun tó ń jẹ́ kí ohùn rẹ jáde, ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀, pé o ń gbọ́ mi. Ṣé o ń gbọ́ mi? Ó dáa. Jẹ́ kí gbogbo ìlà ìsọ̀ yìí náà gbọ́, wọ́n kúkú ti rí àwòrán yẹn kí n tó rí i. Alápò ti rí i. Oníṣó ti rí i. Wọ́n ń kí mi kú oríire, mo ń dúpẹ́, mo rò pé nítorí tapólì tuntun tí mo kó dé ni.

Yọ̀ǹda. Kí ló ń jẹ́ yọ̀ǹda? Láti ìgbà tí mo ti ń ṣòwò, n kò rí ọjà gidi tí wọ́n ń fi tọrẹ rí. Okùn tí eku bá jẹ ni mo máa ń fi ṣe èènì fún oníbàárà. Ṣé eku ti jẹ ọ́ ni? Ọmọ tí mo ta ìdì okùn lé ìdì okùn kó tó jáde ilé ìwé, tó mọ bí ẹ̀rọ kan ṣe ń bá ẹ̀rọ kejì sọ̀rọ̀, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fi owó oṣù fà mọ́ra, òun ló lọ fi ara rẹ̀ ṣe èènì fún àjèjì! O ní wọ́n ń fún yín lówó oúnjẹ. Adìẹ náà, ṣebí wọ́n ń fún un lóúnjẹ.

Má tíì dá mi lóhùn. N kò tíì sọ ọ̀kan nínú ohun tó gbé mi wá síbí.

Bàbá rẹ náà yọ̀ǹda. Àbí o ti gbàgbé? O ò lè gbàgbé, ìwọ lo di àpò irinṣẹ́ rẹ̀ mú. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni, iná ti lọ ládùúgbò, wọ́n wá bá a lórí ìjókòó, ọ̀gá oníná, ẹ ṣàánú wa, ẹ bá wa wò ó. Mo ní kó má lọ. Mo ní ilé iṣẹ́ kọ́ ló rán an, mo ní okùn ìbàdí tó fi ń gun òpó, ó ti yá ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó ní, ìyàwó mi, kò ní pẹ́. Kò sì pẹ́ lóòótọ́. Iná dé. Gbogbo àdúgbò hó yèè, àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́, olúkúlùkù ń wo gílóòbù ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ilẹ̀.

Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn ò rán an níṣẹ́, àwọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ará àdúgbò wá bá mi kẹ́dùn, abẹ́ iná yẹn náà ni wọ́n jókòó sí. Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta okùn. Àwọn èèyàn rò pé èrè rẹ̀ ni mo rí. Mo kàn fẹ́ kí ó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá tún máa gun nǹkan nílùú yìí, kó má lè sọ pé òun ò rí okùn rà ni. Ìwọ mọ gbogbo èyí. O mọ̀ ọ́n, o sì lọ gun òpó níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn!

O ní wọn ò yìnbọn mọ́. Ta ló sọ fún ọ, ìbọn?

Ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin wá nìyẹn. Òun lo sọ fún! Ó gbàdúrà sí ọ lórí, ó sin ọ́ dé ibùdókọ̀, ó sì di ẹnu rẹ̀ pinpin. Ó ń wá sí ìsọ̀ mi, ó ń jókòó sórí ìdì okùn mi, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ òjò, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó, ó sì mọ ibi tí ọmọ mi wà. Nígbà tí mo rí àwòrán yẹn, mo lọ ká a mọ́lé. Mo ní, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ní, ìyàwó, ọmọ náà ló ní o ò ní gbà. Mo ní òótọ́ ni, n kò ní gbà! Ṣé torí pé ẹ mọ èsì mi ni ẹ ò ṣe bi mí ní ìbéèrè? Obìnrin náà ń wo ilẹ̀. Àgbà tó ń wo ilẹ̀ níwájú ìyàwó ilé. Ìwọ lo fà á.

Owó mi ńkọ́? O ní o fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, pé o fẹ́ máa bá àwọn ọlọ́fíìsì so kọ̀ǹpútà wọn pọ̀. Owó tí mo fẹ́ fi kó ọjà ni mo kó fún ọ, tí ìsọ̀ mi fi ṣófo, tí oníbàárà ń wá tí mo ń tọ́ka sí ìsọ̀ ẹlòmíràn fún wọn. Àṣé owó àyẹ̀wò dókítà ni, owó pásípọ́ọ̀tù ni, owó ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ní kí o mú wá ni. Èmi ni mo sanwó ọkọ̀ tó gbé ọ sá fún mi. Láti ọjọ́ tí mo ti rí àwòrán yẹn, gbogbo ohùn tí mo ń fi fóònù onífóònù yìí rán sí ọ, ohun kan náà ló wà nínú rẹ̀, san owó mi. Mo tún ń sọ ọ́. San owó mi!

Ṣé o mọ ohun tí onífóònù yìí ṣàlàyé fún mi? Ó ní òpó tí o gùn yẹn ló jẹ́ kí sójà àti dókítà àti gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lè máa pe ilé wọn. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé mo máa jó. Ìwọ tí o ń so ẹnu gbogbo ayé mọ́ etí ara wọn, ẹnu tìrẹ nìkan ló já kúrò létí ìyá rẹ. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. O ní o kì í sùn dáadáa. O ṣeun. A jọ ń ṣàìsùn.

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè, ó ń já.

Ìyá kan. Ìyá kan níbẹ̀, kí ló ń tà? Aṣọ àlòkù. Ó dáa, ọlọ́jà bíi tèmi. Ogun pín òun àti ọmọ rẹ̀ níyà, ẹnì kan ò mọ̀ bóyá ẹnì kejì wà láàyè. Ọjọ́ tí o parí òpó yẹn ni wọ́n tó gbọ́ ohùn ara wọn. Ọwọ́ rẹ lo fi gbé fóònù sí i létí. Kí ló wá sọ fún ọmọ náà?

Ó bú u.

Ó bú u, ó bú u, títí tí ẹ̀yin tí ẹ dúró tì í fi ń rẹ́rìn-ín tí ẹ sì ń nu ojú. Ó ṣe dáadáa. Bá mi kí i. Sọ fún un pé ìyá rẹ kí i kú ewu.

Dúró ná. Okùn tí wọ́n ń fún ọ lókè òpó yẹn, ṣé tuntun ni? Má sọ pé ó dáa, mo ní ṣé tuntun ni? Máa tẹ̀ ẹ́ po kí o tó gbára lé e. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ tó ń dún bí ewé gbígbẹ, oòrùn ti jẹ ẹ́ nínú, ẹwà ojú rẹ̀ irọ́ ni. Máa fi ọwọ́ rìn ín láti orí dé ìdí, kì í ṣe ojú. O ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀? Hmn. Ta ló kọ́ ọ?

Èmi ò ní kí àwọn ìyá má gbọ́ ohùn ọmọ wọn o. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìyá ayé, èmi ni mo wá ń wo tèmi lórí fóònù atún-fóònù-ṣe.

O tún ní kí ni? Wọ́n ní kí o fi kún un? Kí o fi ọdún mìíràn kún un! Ó ku ìlú kan tí kò tíì ní òpó. Ìlú kan á máa kù! Ìgbà wo ni ìlú tán láyé? Bàbá rẹ náà, òpó kan péré ló kù tó fẹ́ wò. Ṣé o ti bu ọwọ́ lùwé? O ò tíì bu ọwọ́ lù ú. O fẹ́ gbọ́ ohùn mi ná. O ti gbọ́ ọ báyìí, rárá lohùn mi. Máa bọ̀ nílé, kí o sì kó owó mi dání, ọmọ olè, torí bí o bá…

Kí n wo kí ni? Fóònù tèmi? Òun nìyí lórí tábìlì, ó ti tún un ṣe. Ó dún. Onífóònù, kí ló wà níbẹ̀? Kà á.

Tún un kà.

Ó ní owó ti wọlé. Ó ní ó pé. Owó okùn mi pé, kò dín. Níbo lo ti rí i? Owó oúnjẹ. O ń jẹ ìdajì, o ń tọ́jú ìdajì, kí n má baà pè ọ́ lólè mọ́. O ní ó tán nílẹ̀ báyìí, ọkàn rẹ balẹ̀, bí o bá tiẹ̀ dúró ọdún kejì, o ò jẹ mí ní nǹkan kan.

Ta ló ní kí o san án tán?

Mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kí o san án! Mo ní kí o san án, n kò ní kí o san án tán. Ìwọ tí orí ìdì okùn ni o ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ, kí ni a máa ń ṣe fún awakọ̀ ọ̀nà jíjìn tó bá wá ra okùn? Ṣé a máa ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ tán? A máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù sí i lọ́rùn. A ní, ó ku díẹ̀, tí o bá dé kí o san án. Gbogbo àwa olókùn la ń ṣe é, torí ẹni tó jẹ gbèsè, ìrònú ilé wà lára rẹ̀. Awakọ̀ tí a ń pè ní Afínjú ńkọ́? Ó fi agídí san tirẹ̀ tán, ó ní òun kì í jẹ gbèsè. Ṣé o tún rí i? Ìwọ gan-an lo bi mí lọ́jọ́ náà pé, màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ pé kó tètè dé?

O wá san tèmi tán. O wà lójú ogun, o san án tán. Gbogbo ariwo tí mo ń pa lórí owó yẹn, kí lo rò pé mò ń fi ṣe? Owó ni mò ń pè ni?

Má sunkún sí mi létí. Káàdì ń jó.

Ó dáa. Dákẹ́, jẹ́ kí n ronú. Owó ọjà pé, mo gbà á, mi ò ní sọ pé n kò gbà á. Ṣùgbọ́n okùn tí mo fi di báàgì rẹ ńkọ́? Okùn tó dára jù nínú ìsọ̀ mi! Ṣé o sanwó rẹ̀? Mo fún ọ ni? Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé mo fún ọ? Mo fi di ẹrù ni, n kò fi tọrẹ. Onífóònù, o ṣe ẹlẹ́rìí. Ó jẹ mí! Hà, ó ṣì jẹ mí!

Má fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Gbọ́ mi dáadáa, bí fóònù yìí bá tún dún pé owó wọlé, màá dá a padà. Okùn náà gan-an ni mo fẹ́. Ó wà níbo? Kí lo fi ń ṣe?

O fi ń sá aṣọ.

Okùn mi! Okùn tó lè fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀, yẹ̀rì lo sá sórí rẹ̀! Máa rẹ́rìn-ín. Máa rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rín in, n kò sì tíì dárí jì ọ́. Kó aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Tú u ní ìdí méjèèjì, má gé e. Ká a bí mo ṣe kọ́ ọ, má jẹ́ kó lọ́. Má fi rán ẹnikẹ́ni. Kí o sì gbé e wá.