Koríko tí Mo Fún Pansi Jẹ

Gwenllian, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé ṣíbí yẹn kalẹ̀ ná. Ọbẹ̀ ẹran àgùntàn yín dùn, ṣùgbọ́n ikú ti dé ẹnu ọ̀nà mi, mi ò sì lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọnú sàréè. Ẹṣin yín kọ́ ló pa Idwal ọkọ yín. Èmi Tudur, tí ẹ ń pè ní ọ̀rẹ́ ilé yín, èmi ni mo pa á.

Ẹ rántí ọdún tí ewéko rẹ́dìn fẹ́ gba gbogbo òkè lọ́wọ́ wa. Igbó burúkú yẹn ga dé àyà, àgùntàn ò rí koríko jẹ mọ́, eégbọn sì ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn. Nípàdé àwa tá a jọ ń da ẹran lórí òkè, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi katakata mi fa rólà irin tí yóò tẹ̀ ẹ́ fọ́. Idwal rẹ́rìn-ín. "Tudur, àbúrò mi, katakata rẹ á yí sínú odò, ìwọ náà á di ẹja! Ẹ jẹ́ kí Pansi ẹṣin mi fà á." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún un. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé sùn. Wọ́n kàn ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni o! Ọkùnrin tó fún mi ní àgbò nígbà tí tèmi kú ni mò ń bínú sí.

Gbogbo wa la máa ń tẹ́ rẹ́dìn gbígbẹ fún ẹran sùn lé. Àṣà yẹn ni mo fi bo iṣẹ́ ibi mi. Koríko ilé yín ti tán, èmi ni mò ń gbé wá fún Pansi, ẹ sì ń dúpẹ́. Mo gé rẹ́dìn tútù, mo sá a sóòrùn, mo pò ó mọ́ koríko náà. Ẹni tó bá rí i á rò pé ibùsùn ni. Mo mọ̀ pé májèlé ni fún ẹṣin. Mò ń sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ kó ṣàárẹ̀, kí wọ́n lè wá bẹ̀ mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Pansi ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Idwal fọwọ́ pa á lọ́rùn. "Tudur, kí ló ń ṣe ọmọ mi yìí? Ṣé kí n tú u sílẹ̀ lónìí?"

Gwenllian, ẹnu mi wà lára mi, mi ò fi sọ òtítọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ẹ lé e gòkè, ara rẹ̀ á yá." Ó gbà mí gbọ́. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè odò, Pansi ṣubú, rólà yí, ó sì gba ara Idwal kọjá. Èmi ló pè pé kí n wá gbé òun. Kí n tó débẹ̀, ó ti kú.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ ní kí n yìnbọn fún ẹṣin tó pa ọkọ yín. Mo yìn ín. Ó ṣì ń wá koríko lọ́wọ́ mi.

Látìgbà yẹn lẹ ti ń sunkún pé, "Ká ní mo tọ́jú ẹṣin yẹn dáadáa ni." Mò ń jókòó sídìí iná yín, mò ń mi orí. Ọkàn mi ti jẹrà. Rẹ́dìn ti tún bo ibi tó kú sí. Mò ń wò ó láti ojú fèrèsé yìí lójoojúmọ́. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ dárí jì mí, kò tọ́ sí mi. Ẹ ṣáà má dá ara yín lẹ́bi mọ́. Dáadáa lẹ tọ́jú ẹṣin yẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé ọbẹ̀ yín lọ, ẹ máa gbé e lọ.