Bẹ́ǹṣì Onítíì Tí Mo Fi Rúbọ

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn pátápátá lọ́hùn-ún, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi yin Olúwa, nítorí ohùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rí mi.

Ẹ mọ̀ pé tíṣà ni mí ní Soje. Lóṣù méjì sẹ́yìn, ohùn mi há. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí Fọlákẹ́, ọmọ wa kan ṣoṣo, ṣègbéyàwó, èmi bàbá rẹ̀ ló sì yẹ kó kúnlẹ̀ fún kí n súre fún un. Dókítà yẹ ọ̀fun mi wò, ó ní, "Tíṣà, ẹ dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì." Mo ṣe àmín, mo sì jáde lọ sọ fún gbogbo ènìyàn pé dókítà ní kí n dákẹ́.

Mo wá gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Ìyàwó mi nìyẹn, ẹ bi í. Ó ní, "Baba Fọlákẹ́, ṣebí ẹ kì í jẹun nílé ìwé títí di aago méjì lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀? Èwo wá ni ẹ yọ fún Ọlọ́run níbẹ̀?"

Ilé àdúrà ni mo lọ, mo figbe ta. Lọ́jọ́ kẹta, mo ń dún bí àkùkọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́rùn. Lọ́jọ́ karùn-ún, àkùkọ náà kú.

Ẹ̀rù wá bà mí. Wọ́n ti ń sọ pé kí àbúrò mi tó wà ní Maikunkele súre fún Fọlákẹ́ dípò mi, àbúrò tó máa ń ka àdúrà nínú ìwé bí ẹni ń pe rẹ́jísítà.

Ìyá Àdúrà wa tó jókòó síwájú yìí ló pè mí. "Tíṣà, lẹ́yìn aya àtọmọ, kí lẹ fẹ́ràn jù láyé?"

Mo kọ ọ́ sínú bébà: Jésù.

Ó kà á, ó wò mí. "Lẹ́yìn Jésù ńkọ́?"

Ìyàwó mi bá mi dáhùn: "Bẹ́ǹṣì Malam Sani!"

Ẹ̀yin ará àdúgbò wa ní Limawa mọ bẹ́ǹṣì náà. Iwájú ilé mi gan-an ni Malam Sani ti ń ta tíì àti búrẹ́dì. Láti aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí títí di méje, ibẹ̀ la ti ń jiyàn bọ́ọ̀lù àti ìjọba. Ogún ọdún, n kò pa ọjọ́ kan jẹ.

"Wákàtí yẹn ni kẹ́ ẹ fún Ọlọ́run," ni Ìyá Àdúrà wí. "Kẹ́ ẹ sì pa ẹnu dé gbàdúrà. Ọlọ́run kì í ṣe adití."

Chai! Ọjọ́ kìíní, mo wà lórí eékún, mo ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé. Ẹnìkan sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, èsì rẹ̀ sì wà lẹ́nu mi! Mo fi eyín dì í mú. Lọ́jọ́ kẹrin, ariwo wọn kò wọ etí mi mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé láti ìgbà tí wàhálà yìí ti dé, ohùn ni mo ń tọrọ. N kò tíì gbàdúrà kan ṣoṣo fún Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀. Mo sunkún. Láti ọjọ́ náà, orúkọ rẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, Malam Sani kan ilẹ̀kùn. "Sannu, Tíṣà. Bẹ́ǹṣì ti dákẹ́ o. Wọ́n ń gbà fún ara wọn báyìí, wọ́n sì tètè ń lọ sílé." Mo fi ọ̀fun mi hàn án. Ó fi èdè Haúsá tọrọ ìlera fún mi: "Allah ya ba ka lafiya." Mo mi orí, àmín.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àbúrò mi ti wọ gíláàsì, ó ti ń tú ìwé rẹ̀. Fọlákẹ́ kọjá níwájú rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi. "Dádì, tí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ ṣáà gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ti tó."

Mo ya ẹnu. Ohùn jáde! Ó tín-ín-rín bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ, ṣùgbọ́n ó jáde. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni mo sọ. Ìyàwó mi ní nínú gbogbo àdúrà tí òun ti gbọ́ lẹ́nu mi, èyí nìkan ni oúnjẹ kò tutù dè.

Ẹnìkan lè ní ìsinmi ló wo ọ̀fun mi sàn. Òótọ́ ni! Dókítà ní kí n dákẹ́, n kò dákẹ́. Ìyàwó mi ti ń sọ ọ́ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, n kò gbọ́. Ọlọ́run nìkan ló rí mi pa lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ṣé iṣẹ́ ìyanu kọ́ nìyẹn?

Malam Sani ṣì fi àyè mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n aago méje, lẹ́yìn àdúrà, ni mò ń débẹ̀ báyìí. Ẹ bá mi fi ògo fún Jésù! Ẹ bá mi ho yèè! Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ho o. Èmi á máa mi orí.