Ohun Tí Mo Fò Nígbà Tí Mo Ń Kọ́ Bùrọ̀dá Làmídì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọdún mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ohun tí mo kà lọ́jọ́ Ajé tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Oníròyìn ni mí ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ilé-Ifẹ̀. Bùrọ̀dá Làmídì ló kọ́ mi níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kó kọ́ mi. Ó kàn máa ń mú mi dání lọ gba ìròyìn ní Sábó ni, á ní, "Ìyá Ìròyìn, panu mọ́. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kó o kọ, má kọ ohun tó o fẹ́ kí wọ́n sọ."

Bí a ti ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá mọ nǹkan á kọ́ àwọn yòókù lọ́sàn-án, nídìí oúnjẹ.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, èmi ni wọ́n rán lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ohùn lórí rẹ̀. Mo dé, mo kọ́ gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti sọ fún mi ní bòókẹ́lẹ́ pé nínú èmi àti Bùrọ̀dá, ẹnì kan ṣoṣo ló máa kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Nígbà tó kan Bùrọ̀dá, mo fo ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn, èyí tó jẹ́ pé tí a kò bá ṣe é, ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ kò ní lè ka iṣẹ́ náà. Ó ń kọ gbogbo ohun tí mo ń sọ sínú ìwé rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ṣé ó parí síbẹ̀?"

Mo ní, "Ó parí, sà." Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, ìròyìn aago kan kò jáde. Rédíò dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí wọ́n fi ní kó máa lọ. Oko ló ń ro ní Ẹdúnàbọ̀n báyìí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ń palẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ni mo rí lẹ́tà tí Bùrọ̀dá kọ sí ọ̀gá láti fi wí tẹnu rẹ̀ nígbà náà. Ó kọ ọ́ pé: "Ọmọ yẹn kọ́ mi pé. Èmi ni mo gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí tèmi dá ẹ̀kọ́ ọ̀sán wọn dúró. Òun ni wọ́n máa fi ríṣẹ́ níbòmíràn, lọ́jọ́ tí ẹ bá lé àwọn náà."

Lóòótọ́, mẹ́ta nínú wa ti fi ẹ̀kọ́ náà ríṣẹ́ níbòmíràn.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe gbàgbé? Ohun tí mo sọ gan-an wà nínú ìwé rẹ̀. Ì bá ti ṣí i fi hàn wọ́n.

Títí di òní, tí mo bá ka ìròyìn tán, ó máa ń pè mí lórí fóònù. "Ìyá Ìròyìn, mo gbọ́ ẹ o."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, tí mo bá dé Ẹdúnàbọ̀n, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ti mọ gbogbo rẹ̀?